Ajẹ́ǹtì Tó Ń Wá Ajẹ́ǹtì Ilé

Iṣẹ́ ajẹ́ǹtì ni mò ń ṣe. Kì í ṣe ti ilé o, ti ẹrù ni. Ọ́fíìsì wa wà ní Warehouse Road, ní Àpápá. Bí ẹrù èèyàn bá ti òkè òkun dé sí èbúté, èmi ni n ó máa bá a lé e kiri lọ́dọ̀ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù títí yóò fi jáde. Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún mi kì í sì í fọkàn tán mi. Bí mo bá ní ẹrù wọn á jáde lọ́la, wọ́n á bi mí pé, "Ṣé ọ̀la tàwọn ajẹ́ǹtì ni, àbí ọ̀la tàwa èèyàn?" Mo ti gbọ́ ọ títí kò dùn mí mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí èmi àti ọkọ mi pinnu pé a ó ra ilé, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ọpẹ́ ni pé ajẹ́ǹtì nìwọ náà. Kò sí ajẹ́ǹtì tó lè rẹ́ wa jẹ." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. N kò pe ara mi lólè o, àmọ́ mo mọ àpáta náà dáadáa.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Kirikiri Lighter Terminal, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù látinú bààjì, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù wá sétí omi. Òun ló ń dúró ti àwọn tó ń já a, kí ohun tó wà lórí omi lè jẹ́ ohun tó dé orí ilẹ̀. Ilé ayálégbé là ń gbé, nítòsí Boundary ní Ajégúnlẹ̀, àdúgbò tí wọ́n bí mi sí. Ọmọ ìjọ ni bàbá mi títí tó fi kú, Alhája ni ìyá mi, aṣọ ló ń tà ní Boundary títí di òní. Mo fẹ́ ra ilé níbi tí mo ti lè fẹsẹ̀ rìn lọ wo ìyá mi. Ọkọ mi ní tirẹ̀, Àpápá ló wà lọ́kàn rẹ̀. A kò jà lórí ẹ̀. Àwa méjèèjì kàn ń sọ pé "agbègbè ibí yìí" la fẹ́, kálukú sì mọ ibi tí "ibí" tirẹ̀ wà.

Ajẹ́ǹtì àkọ́kọ́ tá a mú jẹ́ díkínì ní ìjọ wa. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òróró. Kò ní í bá ọ sọ̀rọ̀ ilé láì kọ́kọ́ gbàdúrà, bó bá sì parí ọ̀rọ̀ ilé, yóò tún gbàdúrà mìíràn láti fi dé e lórí. A rò ó pé ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run tó báyìí, ó yẹ kó bẹ̀rù èèyàn díẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ó ń ká aṣọ lọ́wọ́, kò wojú mi. Ó ní, "Ajẹ́ǹtì tó bá ń gbàdúrà, ẹ jẹ́ kó ṣe àmín tán kẹ́ ẹ tó bi í léèrè pé ta ló ni ilé."

A kò bi í.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, díkínì mú wa lọ sí ilé kan ní Ajégúnlẹ̀. Ó wọ kóòtù, Bíbélì wà ní abíyá rẹ̀. Èmi àti ọkọ mi náà múra dáadáa, kí onílé má bàa rò pé ọwọ́ wa kò ká a. Obìnrin kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló ṣílẹ̀kùn. Ó wò wá, ó wo Bíbélì, ojú rẹ̀ sì là.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé láti ìjọ lẹ ti wá?"

Díkínì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Láti ìjọ la ti wá."

Irọ́ kọ́ ló pa. Obìnrin náà fún wa ní ìjókòó, ó gbé omi tútù wá. Ó ní òun ti sọ fún wọn ní ìjọ òun pé ara bàbá kò yá, àmọ́ òun ò mọ̀ pé wọ́n á tètè rán èèyàn wá báyìí. Mo wo díkínì. Ó gbójú sókè, mo rò pé ó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ni, àṣé àjà ilé ló ń wò bóyá omi ti ba á jẹ́. Kí n tó mọ ohun tí mo lè sọ, obìnrin náà ti wọ yàrá lọ, ó sì ń mú ọkọ rẹ̀ bọ̀. Ọ̀pá ni bàbá náà fi ń rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wú. Ó jókòó, ó ṣí fìlà rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Díkínì tẹ̀ sí wa, ó sọ ọ́ ní jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ná. A ó wo yàrá lẹ́yìn náà."

Ó gbàdúrà. Ó ní kí Olúwa fìdí àwọn tó yẹ múlẹ̀ nínú ilé yìí, kó sì mú gbogbo ìdènà kúrò. Bàbá onílé ló ṣe àmín tó lágbára jù. Lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá náà wá nàka sí ọkọ mi, ó ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbàdúrà sí i. Ọkọ mi kì í gbàdúrà ju èyí tó fi ń jẹun lọ, ó sì máa ń jẹ òmíràn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó fọwọ́ kan orúnkún bàbá náà, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ Ọlọ́run fún ẹsẹ̀ yẹn bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ bàbá òun tó ti kú, tí ẹsẹ̀ dá a jókòó sójú kan títí ọlọ́jọ́ fi dé. N kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Nígbà tí mo la ojú, omi wà lójú rẹ̀, ó wà lójú ìyá náà, èmi nìkan ni mo jókòó bí olè.

Díkínì ní, "Ṣé a lè rí àwọn yàrá, mà?"

Ìyá náà rò pé yóò wọ́n òróró sí wọn. Ó mú wa yí gbogbo ilé ká. Mo kan ògiri, kò dún gbọ́ngbọ́n, ó lágbára. Ilé ìdáná ni wàhálà ti dé, nígbà tí díkínì bèèrè bóyá òrùlé ibẹ̀ máa ń jò. Bàbá náà ti fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ lé wa dé ẹnu ọ̀nà.

Ó ní, "Pásítọ̀, kí lẹ fẹ́ fi òrùlé wa ṣe?"

Ó wá di dandan kí òótọ́ jáde. Àbúrò bàbá náà, tó ń gbé ní ìlú mìíràn, ló gbé ilé náà fún díkínì pé kó bá òun tà á. Bàbá wọn ló kọ́ ọ. Àbúrò náà sọ fún díkínì pé àwọn tó wà níbẹ̀ ti gbọ́, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i. Bàbá onílé gbọ́ ọ parí. Kò pariwo. Ó ní, "Èmi ni àkọ́bí. Mo ṣì wà níbí." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọkọ mi.

"Ọmọ mi, àdúrà tẹ́ ẹ gbà yẹn, ṣé ẹsẹ̀ mi lẹ gbà á fún, àbí ilé?"

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ ilé ìdáná. Ó ní, "Ẹsẹ̀ yín ni, sà. Tèmi, ẹsẹ̀ yín ni mo gbà á fún."

Nígbà tá a dé ìta, díkínì ní Ọlọ́run ní ìdí tó fi jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣe, mo gba àdúgbò náà kọjá, mo rí i tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri iwájú pé: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. A KÒ SÌ FẸ́ ÀDÚRÀ.

A ní kò burú, ká kúrò lọ́dọ̀ èèyàn Ọlọ́run, ká lọ bá èèyàn ayé. Ẹni kejì ní ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, kò jìnnà sí tèmi ní Warehouse Road. Ó wọ táì. Kò pe ilé ní ilé rárá, "property" ló ń pè é, ó sì bi wá pé kí ni ìran tá a rí nípa ọjọ́ iwájú wa. Ọkọ mi fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé bó ṣe ń pe Àpápá dà bí ẹni tó ń pe orúkọ ìlú òyìnbó. Ó fi àwòrán hàn wá lórí fóònù: ilé aláwọ̀ funfun, òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà, omi lẹ́yìn ilé. Ó ní ilé etí omi ni, ẹni bíi tiwa nìkan lòun sì fi hàn.

Nígbà tá a lọ wò ó, ọkọ̀ rẹ̀ kò lè wọ àdúgbò náà, torí tírélà tò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn awakọ̀ wọn so aṣọ tí wọ́n fọ̀ mọ́ ara géètì àwọn onílé. Ajẹ́ǹtì wa ní èyí ń fi hàn pé ọrọ̀ ajé ń gbèrú ládùúgbò. A fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Omi wà lẹ́yìn ilé lóòótọ́. Kánáàlì ni.

Ọkọ mi dúró, ó tẹjú mọ́ ọn. Etí omi ló ti ń jẹun. Ó ní, "Omi tí èmi mọ̀, ó máa ń rìn. Èyí jókòó ni."

Nínú pálọ̀, ìlà àwọ̀ ilẹ̀ kan yí ògiri po ní ìwọ̀n orúnkún. Ajẹ́ǹtì ní ọnà tí ayàwòrán ilé ṣe sí i ni. Mo bi í léèrè ìwé ilé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì sọ ohun tí mo ti ń sọ fún àwọn oníbàárà mi láti ọdún tó ti pẹ́: "Ó kù díẹ̀ kó jáde, mà." Mo wojú rẹ̀. Nínú gbogbo èèyàn tó wà ní Àpápá lọ́jọ́ náà, mi ò rò pé ẹnì kan mọ bí "díẹ̀" yẹn ṣe gùn tó jù mí lọ. A ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí tọkọtaya mìíràn wọlé pẹ̀lú ajẹ́ǹtì tiwọn, táì tirẹ̀ tilẹ̀ dára ju ti wa lọ. Wọ́n ti sọ fún àwọn náà pé ẹni bíi tiwọn nìkan ni wọ́n fi hàn. A kí ara wa tẹ̀rín-tẹ̀rín, bí àwọn tó jọ pàdé níbi tí wọ́n ti ń tọrọ ohun kan náà, a sì jáde.

Lẹ́yìn èyí ni ìyá mi wá ní ká lọ bá obìnrin kan ní Boundary. Ó ní, "Ẹnu ẹ̀ kò dáa. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ọ rí pé ó ta ilé onílé."

Ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà wà láàárín ibi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ń kérò àti ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Pátákó dúdú kan wà níta, ó fi ẹfun kọ àwọn yàrá àti ilé tó wà nílẹ̀ sí i. Èèyàn bí ẹni ọgọ́ta ọdún ni, ó sanra, ó jókòó, kò sì dìde nígbà tá a kí i.

Ó ní, "Ibo lẹ fẹ́?"

Èmi ní, "Ajégúnlẹ̀." Ọkọ mi ní, "Àpápá." Lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá náà yíjú sí oníkẹ̀kẹ́ kan tó dúró nítòsí, ó ní, "You hear dem? Na two house dem wan buy." Ó wá padà sí wa. "Ẹ lọ bá ara yín sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ń dárúkọ ibì kan náà, ẹ padà wá."

Mi ò rí ajẹ́ǹtì tó lé oníbàárà padà rí. Inú bí wa. A lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníbisikíìtì kan lódìkejì títì, a mu míńírà, a sì sọ ohun tó yẹ ká ti sọ látọjọ́ yìí. Ọkọ mi ní bí òun bá sọ níbi iṣẹ́ pé Ajégúnlẹ̀ lòun ń gbé, wọ́n á máa wo òun bí ẹni tó ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Mo ní èmi ti dé ibi tí mò ń lọ ní tèmi. Mo ní ìyá mi ń dàgbà, àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ ti ń le fún un. Kò mọ̀ nípa ti àtẹ̀gùn. Ó wá ní ká wá ilé ní apá Ajégúnlẹ̀ tó sún mọ́ Àpápá, pé bí wọ́n bá bi òun, òun á ní ẹ̀yìn Àpápá lòun ń gbé. Mo ní kó máa sọ ọ́, Ọlọ́run á dárí jì í.

Ìgbà tá a padà, ìyá ajẹ́ǹtì kò bi wá léèrè kankan mọ́. Ó gbé báàgì rẹ̀. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láti ọjọ́ náà lọ ni pé ó ń mú wa lọ wo ilé, ó sì ń ba ilé náà jẹ́ lójú ẹni tó ni ín. Níwájú bàbá onílé kan, ó ní, "Ilé yìí dára. Bàbá yìí níyàwó mẹ́ta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n máa wá bá yín jà." Ní ilé kejì ó ní, "Òjò ò ní jò yín níbí. Omi tó ń sun látilẹ̀ ti gba àyè ẹ̀." Àwọn onílé ń bínú, òun kò bínú. Ọkọ mi ní ó dà bíi pé kò fẹ́ jẹun mọ́. Èmi ń wò ó bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń wo ẹni tó ń fi òòlù lu ìka ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo tó sọ ni mo wádìí, tó sì rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá ló mú wa dé ilé kan ní òpópónà tó dákẹ́. Ilé ilẹ̀ ni, kò ní àtẹ̀gùn, igi fúrúùtù ńlá kan dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Ó ka àbùkù rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe: òrùlé ti gbó, ilé ìdáná há, jẹnẹrétọ̀ ẹni tó wà ní ọ̀ọ́kán máa ń pariwo. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá léèrè. Ṣé a ní ajá? Ṣé a máa ń tan rédíò sókè? Ṣé a máa ń ṣe ìṣọ́ òru nílé? Ọkọ mi ń dá a lóhùn bí ẹni tó ń wáṣẹ́.

Ó ní, "Igi yìí máa ń wọ́ ewé sílẹ̀ bí nǹkan míì. Kí lẹ máa ṣe sí i?"

Èmi fẹ́ sọ pé a ó gé e. Ọkọ mi ló yára. "Ewé ṣe é gbá, mà. Ẹ jẹ́ kó wà."

Ó kàn fún wa ní kọ́kọ́rọ́ pé ká wọlé, ká wò ó dáadáa.

A fún lọ́yà ní ìwé ilé, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mọ́. Ọkọ mi kò gbàgbé ilé ìdáná tó ti dọ̀bálẹ̀, ó ní àfi ká fojú ara wa rí ẹni tó ni ilé. Ìyá arúgbó kan ni, ó ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ó gbà wá tọ̀yàyà-tọ̀yàyà.

Ó ní, "Ọpẹ́ o. Ajẹ́ǹtì yín ti lé àwọn tó fẹ́ ra ilé yẹn lọ títí ó fi sú mi. Mo ní bí kò bá ní í rí aládùúgbò tó wù ú títí n ó fi kú, kó sọ fún mi kí n mọ̀."

Mo ní, "Aládùúgbò wo, mà?"

Ó wò wá lójú. "Ṣé kò sọ fún yín ni? Ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀ ni. Òun ló ń jókòó sábẹ́ igi yẹn lójoojúmọ́."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín láti Abẹ́òkúta dé Èkó. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Àwa la rò pé à ń yan ajẹ́ǹtì, tá a sì ń fọ́nnu pé a yàn án dáadáa. Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Mà, ẹ ò sọ fún wa pé ẹ̀gbẹ́ ilé yín ni."

Ó ń fi ẹfun kọ nǹkan sí pátákó rẹ̀, ó kọ ọ́ tán kó tó dá mi lóhùn. "Ṣé ẹ bi mí ni? Ìwọ, tó o bá gba ẹrù ẹlẹ́rù jáde tán, ṣé wàá bá ẹrù náà lọ sílé? Èmi, ẹni tí mo bá mú wá ni mo máa bá gbé. Tẹ́ ò bá fẹ́, ẹ sọ."

A ra ilé náà. Ó sì gba kọmíṣọ̀n rẹ̀ pérépéré, ó ní ti aládùúgbò lọ́tọ̀, ti iṣẹ́ lọ́tọ̀.

A ti ń gbé ibẹ̀ bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Òrùlé tí ìyá ajẹ́ǹtì ní ó ti gbó jò lóòótọ́. Ó máa ń bá wa wí láti orí ọgbà nípa bá a ṣe ń gbálẹ̀ àti bí géètì wa ṣe ń dún. Ìyá mi ti wá bá wa gbé. Bó bá kírun ìrọ̀lẹ́ tán, òun àti ìyá ajẹ́ǹtì á jókòó sábẹ́ igi, wọ́n á máa bu ẹnu àtẹ́ lu gbogbo ẹni tó bá kọjá.

Ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, tọkọtaya kan ṣìnà wá sí géètì wa. Ẹnì kan ló júwe ìyá ajẹ́ǹtì fún wọn. Ọkọ mi ń gbá ewé lọ́wọ́. Ọkùnrin náà bi í bóyá ajẹ́ǹtì gidi ni obìnrin náà.

Ọkọ mi ronú díẹ̀. Ó ní, "Ó sinmi lórí ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Tó bá jẹ́ ilé lẹ fẹ́ rà kíákíá, àwọn ajẹ́ǹtì pọ̀ lójú títì."

Wọ́n wo ara wọn. Ìyàwó ní kí àwọn gbìyànjú, ọkọ ní kò sí wàhálà. Ìyá ajẹ́ǹtì kò tíì jí. Ọkọ mi gbé àga méjì jáde fún wọn pé kí wọ́n jókòó dè é.